Wọ́n Ṣí Páànù Lórí Ọmọ Mi: Ẹ Bi Akọ̀wé Kóòtù

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá méjì ni mo gbà ní Agége, ọdọọdún ni mo sì ń sanwó. Owó ilé mi tán lóṣù méjì sẹ́yìn. Bàbá onílé fún mi níwèé pé oṣù kan péré ni mo ní, pé òfin tuntun ti jáde. Orí WhatsApp ló ti gbọ́ ọ, ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Bí oṣù náà ṣe pé, ọmọkùnrin mẹ́ta gun òkè, wọ́n ṣí páànù mẹ́rin lórí yàrá tí ọmọ mi sùn sí. Bàbá ní tí n kò bá fẹ́ jáde, kí n mú owó ọdún méjì wá. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Agége

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ, páànù mẹ́rin yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kóòtù, yàrá kan lèmi náà ń gbé ní Muṣin. Mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá ilẹ̀kùn mi tí wọ́n ti yọ, wọ́n gbé e ti ògiri. Ìkòkò mi wà níta, ẹnìkan sì ti to àwọn ìdérí wọn léra, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Ìdérí tí wọ́n tò yẹn ló dùn mí jù. Ó fi hàn mí pé wọn ò kánjú, wọn ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà nígbà náà. Ìwọ ní ibi tí o lè gbé e gbà.

Òfin Ilé Yíyá ti ọdún 2011 ni wọ́n ń lò l'Ékòó. Kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó kan Agége. Oṣù mẹ́fà ni ìwé kúìtì, ìyẹn ìwé pé kí ayálégbé jáde, ti ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, àyàfi tí ẹ bá ti jọ kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé àdéhùn yín. Oṣù kan tí bàbá ń wí, ti ẹni tó ń san lóṣooṣù ni. Kódà bí oṣù mẹ́fà bá pé, kò tíì lè fọwọ́ kan ẹrù rẹ. Yóò tún fún ọ ní ìwé ọjọ́ méje pé òun fẹ́ lọ gba ilé òun, yóò lọ sí kóòtù, adájọ́ ni yóò sì pàṣẹ pé kí o jáde. Bélífù kóòtù ló ń kó ẹrù síta, kì í ṣe ọmọ àdúgbò.

Páànù tí wọ́n ṣí yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ni lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá ba ilé jẹ́ kó lè fi lé ayálégbé jáde, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Owó ọdún méjì ńkọ́? Onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé bíi tìrẹ tó ti wà nínú ilé. ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà ìyẹn. Àmọ́ má gbàgbé pé owó oṣù méjì tó o fi gbé ibẹ̀ láìsan ṣì wà lọ́rùn rẹ. Máa wá a.

Ohùn orí WhatsApp yẹn, ọmọ tèmi náà fi ránṣẹ́ sí mi. Àbá òfin ni ẹni náà gbọ́ tó pè lófin. Lóòótọ́ ni àbá tuntun ti dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó lọ́dún 2025, mo sì fẹ́ràn ohun kan nínú rẹ̀: ó fẹ́ kí owó éjéńtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan lọ. Inú mi yóò dùn gidigidi bó bá di òfin. Ṣùgbọ́n àyàfi tí Ilé bá kà á dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí gómìnà sì fọwọ́ sí i, onílé kankan kò lè fi lé ọ.

Ya àwòrán òrùlé náà lónìí. Kó rìsíìtì rẹ jọ, ọ̀ranyàn ni fún onílé láti máa kọ ọ́. Ìwé oṣù kan tí bàbá fún ọ, má fà á ya, ẹ̀rí tìrẹ ni. Kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlàjà, tàbí Office of the Public Defender, níbi tí àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ wà. Ìjọba Èkó ló ni méjèèjì, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ti ìlàjà ni kí o kọ́kọ́ lọ, torí òjò ò dá, kóòtù sì máa ń pẹ́. Tí bàbá bá kọ̀ tí kò dá páànù padà, àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ yẹn yóò mọ ọ̀nà tí wọ́n á gbà bá a ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. Oníbàárà mi kan jẹ mí ní ₦640,000 láti ìgbà Kérésì. Àbúrò mi ní kí n wá nǹkan fún ọlọ́pàá kí wọ́n lọ gbé e.
Alhájà Aláṣọ

ÌDÁHÙN: Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 là á mọ́lẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ mú ènìyàn. Ẹ̀yin gan-an ló lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Láti ọdún 2018 ni kóòtù gbèsè kékeré, Small Claims Court, ti wà l'Ékòó, ní ọ̀dọ̀ àwọn májísíréètì. Gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì dá fún gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹ bá pe ẹjọ́ títí dé ìdájọ́. Kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹ ó kọ́kọ́ fi béèrè owó yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó pè é lẹ́jọ́, akọ̀wé kóòtù yóò fún yín.

Ẹ gbé ìwé àwìn yín dání. Ẹ sì wo fóònù yín dáadáa: ṣé kò sí ibi tó ti kọ ọ́ sí yín pé, “Alhájà, ẹ ṣe sùúrù fún mi, màá san án”? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ gbèsè yẹn, mo sì ti rí ẹjọ́ tó jẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló parí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní iná ti kúrò lọ́wọ́ Àbújá, ó ti bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣé bílì wa yóò wálẹ̀?
Télọ̀, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Òfin kò ṣèlérí ìyẹn. Ẹni tó ń ṣàkóso ló yí padà. Wọ́n tún Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Òfin Iná Mànàmáná sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. Oǹdó àti Èkìtì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso lọ́dún 2024. Bí bílì rẹ bá ju iná tó o lò lọ, kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún ọ, kí o rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ iná ti ìpínlẹ̀ yín ni kí o gbé ẹ̀dà olóǹtẹ̀ náà lọ bá. Tí kò bá sí òǹtẹ̀ lára rẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò gba ìwé kankan.