Ọta ìbọn mélòó ni sójà Bírítéènì máa ń gbé sára nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní?

Ọta 150 ni sójà ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ ìgbànú ti ọdún 1908 máa ń gbé sínú àwọn àpò iwájú rẹ̀. Àpò kéékèèké 10 ni: 5 lápá ọ̀tún, 5 lápá òsì. Kílíìpù (irin kékeré tó di ọta mú pọ̀) 3 ló ń wọ inú àpò kan, ọta 5 sì wà lára kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Bí ìjà bá fẹ́ le, wọ́n tún máa ń fún un ní báńdólíà aṣọ tó gba ọta 50, tí yóò gbé kọ́ ọrùn.

Aṣọ òwú híhun tó ki dáadáa, ti iléeṣẹ́ Mills, ni wọ́n fi ṣe ìgbànú náà. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ lápá òsì ló máa ń dààmú wọn jù: bí sójà bá fara ti ògiri yàrà láti yìnbọn, ìdérí á ṣí, ọta á sì máa já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kún wọn lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀.

Iye ọta 150 yìí kò kan gbogbo sójà o. Ìgbànú aṣọ híhun yìí kò kárí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ wọn ló gba ti aláwọ ọdún 1914, tí àpò ńlá 2 péré wà níwájú rẹ̀.