RAM 7200 ni kí n rà ni, àbí 6000?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí màá máa fi gé fídíò ìgbéyàwó, tí màá sì máa fi gbá géèmù lálẹ́. Mo ti ra prósẹ́sọ̀ AMD Ryzen 5 7600 àti graphics card. Ẹni tó fẹ́ ta RAM fún mi ní Computer Village ní kí n mú DDR5 7200, 16GB, pé òun ló yá jù. Owó kan náà ló ń pe 32GB tó jẹ́ 6000. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, 32GB yẹn ni kó o mú. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí; bó ṣe tóbi tó la kọ́kọ́ ń wò, ká tó sọ̀rọ̀ eré. Fídíò 4K tí wọ́n fi kámẹ́rà méjì yà, tó o tò sínú DaVinci Resolve tí wọ́n fi ń gé fídíò, tó o sì ṣí Chrome sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á mu 16GB tán kó o tó gé e dé ibi tí wọ́n ti ń náwó fún tọkọtaya. Tí RAM bá ti kún, Windows á máa kó ohun tí kò ráyè lọ sórí SSD, ìyẹn ibi tí àwọn fáìlì rẹ ń gbé, SSD tó yá jù lọ kò sì lè bá RAM DDR5 tó falẹ̀ jù lọ sáré. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan á ti máa há, kò sì sí 7200 tó lè yọ ọ́.

Wàyí o, eré. Nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí ń sọ iye mílíọ̀nù ìgbà tí RAM lè gbé dátà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. CL tó tẹ̀lé e ló ń jẹ́ ká mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn nígbà tí prósẹ́sọ̀ bá béèrè nǹkan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ làwọn ọlọ́jà ń pariwo, ẹnu wọn kì í sábà dé orí èkejì. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ṣe CL ní ìlọ́po 2000, kó o wá fi nọ́ńbà ńlá pín in. Ohun tó bá jáde, nanosecond ni. DDR5 6000 CL30 á fún ọ ní 10. CL40 á fún ọ ní 13.3. DDR4 3200 CL16 tí àwọn èèyàn ń pè ní àtijọ́, 10 náà ló máa fún ọ. Ibi tí DDR5 ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹrù: ẹyọ méjì DDR4 3200 kò lè gbé ju 51.2GB lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyọ méjì DDR5 6000 á gbé tó 96GB.

Kí ló wá dé tí 7200 ò fi dáa fún ọ? Inú Ryzen yẹn gan-an ni ẹ̀ka tó ń darí RAM wà. Títí dé 6000, tàbí 6400 tí orí bá ṣe ọ́ ní ire, òun àti RAM jọ ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà ni. Tó o bá ki 7200 bọ̀ ọ́, motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, á dín eré ẹ̀ka náà kù sí ìdajì kí ẹ̀rọ má bàa dákú. Ohun tí RAM jèrè, ẹ̀ka yẹn á gbà á padà. Ká ní Intel ìran 13 tàbí 14 lo rà, tí motherboard rẹ̀ sì dáa, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn ì bá nítumọ̀. AMD fúnra wọn, 5200 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún 7600. EXPO, ìyẹn ètò tí wọ́n ń tàn kí RAM lè sáré dé iye tó wà lára páálí rẹ̀, ló ń gbé e dé 6000.

Ẹyọ méjì oní-16GB ni kó o gbà, má gba ẹyọ kan oní-32GB, torí ìdajì ọ̀nà lẹyọ kan ń lò. Ojúhò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ ni wọ́n sábà ń wọ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n tì ọ́ sí ẹyọ mẹ́rin: 3600 péré ni AMD kọ sílẹ̀ fún un. Tí CL30 bá wọ́n jù, mú CL36, kó o fi owó tó kù ra SSD. Nínú géèmù tí graphics card ti ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, o ò ní mọ̀yàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò ní graphics card rárá, tó ń lo prósẹ́sọ̀ bíi Ryzen 5 8600G tó ń gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, ni eré RAM ń ràn lọ́wọ́ jù, nítorí RAM yẹn náà ni àwòrán ń lò.

Tó o bá tò ó tán, 4800 ló ṣeé ṣe kó o bá a. Tẹ Del bó ṣe ń tàn, wọ BIOS, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n ti ń to motherboard, tan EXPO, kó o sì fi pamọ́. Ojú kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Motherboard ló ń dán RAM wò, má pa á. Tí CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, bá sọ fún ọ pé 3000 ni, má tìtorí ẹ̀ gba Ìkẹjà lọ bá ọlọ́jà jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń gbé dátà nínú ìlù kan, 6000 náà nìyẹn. Kó o tó gba iṣẹ́ oníbàárà sórí ẹ̀, fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí inverter rẹ bá lè gbé e. Tó bá fi àṣìṣe hàn, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, pa EXPO kó o tún ìdánwò náà ṣe. Tí àṣìṣe bá ṣì ń jáde, dá RAM náà padà fún ẹni tó tà á.