Ọdún wo gan-an ni wọ́n dá Yunifásítì Babcock sílẹ̀: 1959 tàbí 1999?

Ọdún méjèèjì tọ̀nà: 1959 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, ṣùgbọ́n 1999 ló tó di yunifásítì.

Ìjọ Seventh-day Adventist ló ni ín. Adventist College of West Africa ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní oṣù Kẹsàn-án 1959, akẹ́kọ̀ọ́ méje péré tó ń kọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, orúkọ yí padà sí Adventist Seminary of West Africa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá ń fún àwọn aládàáni ní ìwé àṣẹ yunifásítì ní 1999, Babcock wà nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó rí i gbà, pẹ̀lú Igbinedion ní Okada àti Madonna ní Okija.

Àwọn kan rò pé Babcock ló dá a sílẹ̀. Rárá o. David Babcock jẹ́ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ náà ní Nàìjíríà ní 1914, ní Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ni. Àmì ìjọ náà ṣì hàn nínú ọgbà: kò sí kíláàsì láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ṣáájú 1999, orúkọ Babcock kò ní sí lórí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.