Má dúró dọjọ́ tí ọkọ̀ bàbá rẹ máa rìn kó o tó wá

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní bàbá yín fi MGB kan, ọkọ̀ eré sísá kékeré táwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, sílẹ̀ nínú àgbàlá yín ní Ìbàrà, ó ti lé ní ogún ọdún tí kò ti kúrò lójú kan, o fẹ́ tún un ṣe, o wá ń bèèrè bóyá kó o tún un ṣe tán kó o tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwa tá a ní bọ̀gìnì àtijọ́ l'Ábẹ́òkúta, tàbí kó o máa bọ̀ báyìí. O tún ní ẹnì kan sọ fún ọ pé àwọn olówó tó ń wá ibi tí wọ́n á ti mutí ló kún ibẹ̀. O ní ọmọ ọdún 31 ni ọ́. Èmi ti lé ní 60, torí náà má bínú pé mo ń pè ọ́ ní àbúrò. Máa bọ̀ báyìí. Gun ọ̀kadà wá tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, ó sì gba owó àti ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìgbéraga ni, mi ò ní purọ́. Mo máa ń rí wọn láàárọ̀ Sátidé lọ́nà Òkè-Ìlewó, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, Mercedes 230SL funfun ló máa ń ṣáájú, Ford Capri pupa kan á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì, èyí tí ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ya àwòrán ẹ̀. Mo máa ń sọ nínú mi pé ọjọ́ tí tèmi bá dán ju tiwọn lọ ni wọ́n máa mọ̀ pé mo wà nílùú. Tèmi rèé, MGB 1965, bàbá mi rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ilé adìyẹ ló ti dà. Mi ò fi ṣàwàdà o: àgbébọ̀ kan ń sàba lórí àga awakọ̀, ẹyin mọ́kànlá.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún mọ Toyota bí ẹni mọ orúkọ ọmọ ẹ̀, àmọ́ Toyota nìkan ló mọ̀. Sípánà mílímítà ló kún àpótí ẹ̀, 10, 12, 13, 17. Íǹṣì làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọn nọ́ọ̀tì MGB. Nọ́ọ̀tì ìdajì íǹṣì jẹ́ mílímítà 12.7; sípánà 13 á wọlé, á dà bí ẹni pé ó bá a mu, tó o bá ti fi agbára sí i báyìí, orí nọ́ọ̀tì á yí róbótó. Kí oṣù tó parí, èyí tó ju mẹ́wàá lọ ti ṣe bẹ́ẹ̀, irin àti òòlù la fi lù wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà ni rìwáyà dé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí bátìrì. Ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní ṣé wọn ò ti jí i. Ẹ̀yìn àga ni bátìrì MGB àtijọ́ máa ń wà, méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ volt 6, wọ́n so wọ́n pọ̀ di 12. Nígbà tó jàjà rí wọn, ó ní wèrè ló so ó, torí pé ẹnu tó ní àmì + ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Kí n tó yanu, ó ti yí i padà. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Abingdon, ìlú tí wọ́n ti ń tò ó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, ìparí 1967 ni wọ́n tó yí i sí bó ṣe wà lára ọkọ̀ òde òní. Rédíò bàbá mi jóná, ago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì náà jóná. Òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi.

Nígbà tó wá ń rìn díẹ̀díẹ̀, àìsàn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti tẹná, á wúkọ́, á fà sẹ́yìn, kó tó sáré. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Lọ́jọ́ kan ní Pánṣẹ́kẹ̀, ó wúkọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín go-slow, àwọn ọlọ́kadà ń bú mi, ni Àlàájì kan bá gbé Volkswagen Ìjàpá ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá ẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tú ìdérí dúdú kékeré orí kábúrétọ̀ méjèèjì, ó fa ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ jáde, ó fi ìka nù ún. Ó gbẹ gbáú. "Ta ló ń bá ẹ ṣe é?" Ó mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú bọ́ọ̀tù ẹ̀, ó kán díẹ̀ sí i, ó ní kí n tẹná. Ọkọ̀ náà fò bí ẹtu. Irú kábúrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní SU ni, ọ́ìlì díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọdún tí mò ń sá fún wọn yẹn, Àlàájì yìí ni alága wọn.

Sátidé kejì nínú oṣù la máa ń jáde, aago méje àárọ̀, torí pé tó bá ti di aago mẹ́wàá, oníkálukú ti ní òde ìnáwó tó fẹ́ lọ. Ẹnì kan á gbàdúrà lórúkọ Jésù, ẹnì kan á ka Fàtíhà, akápò á gba owó oṣù. Tó o bá pẹ́ dé, wàá san owó ìtanràn. Tó o bá dárúkọ olóṣèlú kankan, ìlọ́po méjì. Akápò wa, ọ̀gá iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, Karmann Ghia ló ń wà, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà wá ju ọlọ́pàá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ mọ́tò, á rán an létí pé nínú Abẹ́òkúta yìí, Funmilayo Ransome-Kuti ti ń wa mọ́tò nígbà tí obìnrin mìíràn ò tíì wà á. Lẹ́yìn náà la máa ń jẹ láfún. Èèyàn lè fi ọkọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ nílé, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó fi láfún sílẹ̀.

Ìjà tó gùn jù tá a tíì jà, ọ̀rọ̀ Ìjàpá ni. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá nìkan. Àwọn kan wá dìde, wọ́n ní kí Ìjàpá máa lọ, pé mọ́tò tíṣà ni, pé Èkó níbí ni wọ́n ti ń tò ó láti 1975. Akápò wa ló léwájú wọn. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ Karmann Ghia tó fi ń yangàn, Ìjàpá ni: ẹ́ńjìnnì kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Àlàájì ò bínú, ó kàn ní ká jọ gun òkè lọ́sàn-án gangan, ká wo ẹni tó máa débẹ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, kò ní rẹdiétọ̀, kò sì lómi tó máa hó. Àwa tá a lómi ń hó lọ́nà. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e la tún òfin kọ.

Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tó yẹ kó o fetí sí jù. Ṣé bàbá yín bí àwọn mìíràn yàtọ̀ sí ìwọ? Nígbà tí MGB mi jẹ́ ilé adìyẹ, èmi nìkan ni mo ni ín. Nígbà tá a kùn ún tán, tó ń dán, ó di ogún bàbá. Ọmọ bàbá mi kan tí mi ò rí láti ọjọ́ ìsìnkú dé láti Ṣàgámù, ó ní ká tà á ká pín in. Ó tọ̀nà o, orúkọ bàbá wa ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Èmi ń pariwo owó tí mo ti ná, òun ń pariwo ẹ̀tọ́ ẹ̀, ìyá àgbà ń sunkún. Àlàájì àti akápò ló bá mi lọ sí ìpàdé ẹbí lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà tí kì í ṣe ara ẹbí ló lè sọ òótọ́ fún méjèèjì. Mo sanwó díẹ̀ fáwọn yòókù, wọ́n fọwọ́ síwèé, a yí ìwé ọkọ̀ sí orúkọ mi. Ká ní mo ti ṣe èyí kí n tó ra ọ̀dà, ìdá kan nínú mẹ́rin owó yẹn ni wọn ì bá gbà. Nítorí náà, kó o tó ra ohunkóhun, lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti ń rìn, gbogbo ẹni tó ní ọmọbìnrin máa di ọ̀rẹ́ rẹ. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tá a jọ ń jẹun, yá MGB mi láti fi gbé ọmọ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lè kọ̀ ọ́ bí? Mi ò wà á fúnra mi, torí èmi náà ti da àǹkóò bolẹ̀, mo fẹ́ jókòó sórí tábìlì àwọn ẹbí. Ọmọ àbúrò ẹ̀ ló wà á. Aṣọ ìyàwó kún inú ọkọ̀ débi pé wọn ò rí gíà. Go-slow mú wọn ní Kútọ̀. Fáànù MGB 1965 kì í ṣe ti iná, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Tí ọkọ̀ ò bá sáré, fáànù náà ò sáré. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gun Òkè-Ìlewó, èéfín ti bo ìyàwó. Ọmọ yẹn wá ra omi inú ọ̀rá, omi tútù láti inú fìríìjì, ó dà á sí i gbuurù. Orí ẹ́ńjìnnì sán.

Ta ló máa sanwó ẹ̀? Òun ní òun ò mọ̀ pé ọkọ̀ mi ń ṣàìsàn. Èmi ní ọkọ̀ mi ò ṣàìsàn kí ọmọ ẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Ó ju ọdún kan lọ tá ò fi kí ara wa, tí ìyàwó tèmi àti tiẹ̀ jọ ń kọrin nínú kọ́yà kan náà. Mo mọ̀ báyìí pé ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe ti yíyá tí mo yá a, ti pé mo lọ jókòó sídìí jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Láti ìgbà yẹn, òfin wa ni pé ẹni tó lọkọ̀ ló máa wà á, owó tí wọ́n bá san á bọ́ sápò ẹgbẹ́, akápò ló sì máa bá wọn dúnàádúrà. O ò ní gbà gbọ́ bí iye èèyàn tó ń yá ọkọ̀ ṣe dín kù.

Ọ̀rọ̀ pé olówó ló kún ibẹ̀, àwọn kan lówó. A ní ẹnì kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹ̀. Àmọ́ òun àti àwọn bíi tiẹ̀ ló ń bá wa kó páàtì sínú báàgì bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. MGB tó jáde láàárín 1962 sí 1980 lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń ṣe páàtì ẹ̀ ní tuntun, kódà wọ́n ń ṣe odindi ara ẹ̀. Fọganáísà kan náà wà pẹ̀lú wa tí kò ní ọkọ̀ rárá. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù bàbà tú táyà onísípóòkù tí kò ní nọ́ọ̀tì, tó sì mọ̀ pé apá ọ̀tún àti apá òsì kì í tú síbì kan náà. Òun là ń bẹ̀, kì í ṣe olówó. Ọtí wà, àmọ́ epo ló ń gbowó wa báyìí. Kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí, lítà kan ò tó ₦200. Lápá ìparí 2024 a ti ń rà á ní ₦1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, a máa ń lọ sí Ìbàdàn ká tó padà. Ní báyìí, tá a bá ti dé Ṣíun, a ti ṣe gudugudu méje.

Ohun kan wà tó o máa nílò ẹlòmíràn fún, bó ti wù kó o gbọ́n tó. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ bàbá yín dé ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí sítíárìn ẹ̀ wà lápá ọ̀tún bíi tèmi. Tó o bá fẹ́ yọ sílẹ̀ lẹ́yìn tírélà, ìwọ ò ní rí iwájú. Ẹni tó jókòó lápá òsì ló máa yọrí, tó máa sọ pé "ó yá" tàbí "dúró". Ẹni tí mo máa ń gbé lápá òsì báyìí, bàbá ìyàwó ọjọ́ yẹn ni. Ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ kò tíì ṣì mí lọ́nà rí.

Nítorí náà, Sátidé kejì. Tó o bá lè rí sípánà oní-íǹṣì rà, 7/16, 1/2 àti 9/16 ni kó o kọ́kọ́ wá. Ya fọ́tò àmì tó wà lára ẹnu bátìrì méjèèjì wá fún mi, má sì jẹ́ kí rìwáyà kankan fọwọ́ kàn án kó tó dìgbà náà. Tí àgbébọ̀ bá wà nínú tìẹ náà, jẹ́ kó pa ẹyin ẹ̀ ná.