Ṣé ìbéèrè nọ́ọ̀sì ló máa kó ikú sí àbúrò mi lọ́kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ọpọlọ n'Ílọrin, lẹ́yìn tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n gba ìgbànú rẹ̀ àti okùn ṣájà. Ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì ń bi í bóyá ó ṣì ń wù ú láti pa ara rẹ̀. Ìyá wa ní ọ̀rọ̀ burúkú ni wọ́n ń kó sí i lọ́kàn. Láti ọjọ́ Àìkú ni ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ fún ọmọ mi ní aago ọwọ́ rẹ̀. A fẹ́ mú un wálé kí Iléyá tó dé. Kí lẹ rí sí i? *Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀ffà.*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Kí ẹ tó ka èyí tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe wọ́ọ̀dù yẹn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ aago náà fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ yá lóòótọ́, mo sì ń bá yín ṣàdúà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fọkàn sí ikú a máa fi ohun tó fẹ́ràn tọrẹ, ara rẹ̀ a sì balẹ̀ lójijì. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í tètè ṣiṣẹ́, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Okun ara sì lè padà kí ìbànújẹ́ tó kúrò. Ìgbà tí ẹbí bá ń dúpẹ́ pé ó ti ń jẹun ni èmi máa ń ṣọ́ aláìsàn jù.

Ẹ bá mi sọ fún màmá pé wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí léraléra: bíbéèrè kì í gbìn ín síni lọ́kàn. Bí mo ṣe ń ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyí. Màá fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò ní dúró lé e lórí. Màá bẹ̀rẹ̀ látorí oorun àti oúnjẹ, lẹ́yìn náà màá bi í ní tààrà: ṣé ó ń wù ọ́ kí o kú? Ṣé o ti ro bí wàá ṣe ṣe é? Kí ló ń dá ọ dúró? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dárúkọ ọmọ wọn, tàbí ìyá wọn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń mí kanlẹ̀, torí ẹnì kankan ò bi wọ́n rí. Bí aláìsàn bá sì wí fún mi pé ikú yá ju ẹ̀sín, n kì í kà á sí òwe lásán. Màá bi í pé ẹ̀sín wo ló dé.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìjìyà. Ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, títí kan ilé ìwẹ̀. Ẹni tó sàn díẹ̀, wọ́n lè máa yọjú sí i láàárín ìṣẹ́jú 15, láìjẹ́ kí ó mọ ìgbà tí wọ́n máa dé. Ó ń tini lójú, pàápàá fún àgbàlagbà ọkùnrin. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ pé kí wọ́n bá a tayò, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tó jókòó tì í tó ń tẹ fóònù kò ṣọ́ ọ.

Ní ti Iléyá, ẹ má fi dandan mú un jáde. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá dá aláìsàn sílẹ̀ léwu gan-an. Bí dókítà bá gbà, ẹ ti oògùn kòkòrò àti oògùn koríko mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní tó o, kí oògùn tirẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ó má dá sùn, kí ẹ sì padà rí dókítà kó tó pé ọjọ́ 7. Bí ẹ bá ti fi ohunkóhun pamọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹ sọ ọ́ báyìí. Àlùfáà lè wá ṣàdúà fún un. Mo ti rí i tó tu ọ̀pọ̀ lára. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà má sọ fún un pé iná ló ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì tún yọjú lóru nílé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó bá súnmọ́ yín jù, ì báà jẹ́ ní Ọ̀ffà tàbí n'Ílọrin.