Ẹ Bi Wá: Postdoc Nínú Ìmọ̀ Ọpọlọ, Ìwádìí Pẹ̀lú Iṣẹ́ Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Àwọn tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọpọlọ, tàbí nínú bàọ́lọ́jì tó ń wo ẹ̀dá lódindi láti orí sẹ́ẹ̀lì títí dé orí ìwà, ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣèwádìí sí i fún ọdún díẹ̀ (iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní postdoc), kí iṣẹ́ olùkọ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. A mú márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè náà.

Ọpọlọ òkété ni mo fi ń gboyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ ṣe postdoc, inú làbù ni yóò wà látàárọ̀ dalẹ́, kò ní kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

Òótọ́ ni níbi púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Ibi tí owó oṣù yín ti ń wá ló ń pinnu rẹ̀. Ní Jámánì, bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ àkànṣe tí ọ̀gá làbù gbà lọ́wọ́ DFG, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí níbẹ̀, ni wọ́n fi ń san yín lówó, ìwádìí nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbà yín fún. Bí ó bá jẹ́ àyè tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń sanwó rẹ̀ fún yunifásítì, iṣẹ́ olùkọ́ máa ń wà nínú ìwé àdéhùn, ó sì sábà máa ń tó wákàtí 4 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi kọ́ni o: èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ètò tó bá ohun tí ẹ ń wá mu jù tẹ́lẹ̀ ni IRACDA tí NIH, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, dá sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fòpin sí i ní 2025. Nígbà náà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò èèyàn ló ń lọ sórí ìwádìí ní yunifásítì ńlá, ìdá kan tó kù ń lọ sórí kíkọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. FIRST ni wọ́n ń pe ti yunifásítì Emory ní Atlanta nígbà náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi Spelman, Morehouse àti Clark Atlanta ni wọ́n ti máa ń lọ kọ́ni. Ó wuni, àbí? Àmọ́ nígbà náà pàápàá, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìnì káàdì nìkan ló wà fún. Bákan náà ni owó postdoc F32 ti NIH àti PRFB ti NSF, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi oṣù mẹ́ta kọ̀wé sí ibi tí ìlà kan ṣoṣo ti lé wọn dànù tẹ́lẹ̀. Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Owó tí kì í béèrè ìlú ẹni ni èyí tí ọ̀gá làbù gbà fún iṣẹ́ tirẹ̀, bíi R01 ti NIH, àti K99/R00 (owó NIH tó ń ran postdoc lọ́wọ́ láti di ọ̀gá làbù) tí ẹ lè béèrè fún kí postdoc yín tó lé ní ọdún 4.

Ẹ má sì fi òkété yín pamọ́. Eku funfun ló kún làbù gbogbo ayé. Ní Tanzania, àjọ APOPO ń kọ́ irú òkété bẹ́ẹ̀ láti fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì tún ń fi wọ́n gbóòórùn ikọ́ ife. Ẹni tó mọ ọpọlọ ẹranko yìí ní nǹkan tí ẹlòmíràn kò ní.

Owó wo gan-an ni ọmọ Nàìjíríà lè béèrè fún? (T. A., Èkó)

Mẹ́rin la máa ń tọ́ka sí. Marie Skłodowska-Curie ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gba ẹni tí ìrírí ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé ti lé ní ọdún 8, kò sì gba ẹni tó ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke. EMBO, àjọ ìmọ̀ bàọ́lọ́jì ní Yúróòpù, ń fẹ́ oyè tí kò tíì lé ní ọdún 2. Ti Humboldt ní Jámánì kò ní gbèdéke rárá, ìgbàkigbà lẹ lè kọ̀wé, bí oyè yín kò bá tíì lé ní ọdún 4; oṣù 6 sí 24 ni wọ́n ń fúnni.

HFSP, àjọ àgbáyé tó ń náwó sí ìwádìí nípa ohun ẹlẹ́mìí, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Strasbourg, ń fúnni ní ọdún 3, òun ló sì ń já èèyàn kulẹ̀ jù, torí pé ohun tó ń wá yàtọ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹ máa bá iṣẹ́ oyè yín lọ. Bí ẹ bá ti ka sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ òkété, tí ẹ wá ní ẹ fẹ́ lọ ka sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ ọ̀yà, wọ́n á dá a padà. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ iná tí sẹ́ẹ̀lì ń ta nígbà tí ẹranko ń gbóòórùn lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àyípadà.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀gá làbù kan ti gbọ́dọ̀ gbà yín kí ẹ tó kọ̀wé. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Kí ni ọ̀rọ̀ ọdún méjì tó wà lára físà J-1? Ṣé ìyàwó mi á lè ṣiṣẹ́? (K., Abẹ́òkúta)

J-1 ni físà tí ọ̀pọ̀ postdoc fi ń lọ sí Amẹ́ríkà. Òfin kan wà fún àwọn tó gbà á láti orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ pé ìmọ̀ irú yín ṣọ̀wọ́n nílé, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ wo ìwé DS-2019 yín (ìwé tí ẹ fi ń gba J-1) àti ara físà náà; bí òfin yìí bá mú yín, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá mú kò lè gba físà iṣẹ́ H-1B tàbí gíríìnì káàdì àfi bó bá padà wálé fún ọdún 2, tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyàwó tó bá fi físà J-2, tí wọ́n ń fún ìdílé ẹni tó ní J-1, lọ lè béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó bá débẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí káàdì náà tó dé. Òfin físà fún ọmọ Nàìjíríà ń yí padà léraléra, nítorí náà ẹ wo ojú ewé iléeṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́.

Mo ti kọ ímeèlì sí ọ̀gá làbù 60. Mẹ́ta ló dáhùn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní kò sáyè. (Ọ̀mọ̀wé kan, Ilé-Ifẹ̀)

Ó jọ pé ímeèlì kan náà lẹ fi ránṣẹ́ sí ọgọ́ta. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ mú làbù 12 péré, kí ẹ ka pépà méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Àkọlé rẹ̀ á sọ iṣẹ́ yín àti oṣù tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ á sọ ohun kan tí wọ́n rí nínú pépà wọn àti ìbéèrè tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ìkejì á sọ ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe, pẹ̀lú iye. “Mo mọ̀ nípa histology” (gígé ẹran ara láti wò ó lábẹ́ maikirosikópù) kò sọ nǹkan kan. “Mo fi cryostat gé ọpọlọ 24 ní maikirómítà 40, mo fi antibody Iba1 kùn wọ́n, mo sì fi stereology ka sẹ́ẹ̀lì wọn”: èyí ni wọ́n á kà tán. Ìkẹta ni owó: ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí ẹ jọ kọ̀wé sí Humboldt tàbí HFSP. Ara ọ̀gá á balẹ̀ pé ẹ kò wo àpò òun nìkan.

Ìkíni gígùn tí a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà níbí, lójú wọn ó dà bí ti àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ oyè àti orúkọ ìdílé wọn ti tó. Ẹ má sì kọ “Sir” sí obìnrin, ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí wọ́n bá pè yín sórí Zoom, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá postdoc kan tó ti kúrò níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí kò bá gbà á ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ 300 ni mò ń kọ́ ní physiology. Báwo ni mo ṣe lè fi í hàn nínú ìwé mi? (Olùkọ́ yunifásítì, Àkúrẹ́)

Iye èrò inú kíláàsì nìkan kò tó, ẹ mú ẹ̀kọ́ kan kí ẹ sọ ọ́ kúnná. Bí àpẹẹrẹ, bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń ránṣẹ́: ẹsẹ̀ aáyán kan àti SpikerBox ti iléeṣẹ́ Backyard Brains, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná inú iṣan di ohùn, ti tó. Ẹ fi aáyán ńlá sínú omi yìnyín fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí kò fi ní mira mọ́, kí ẹ gé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ gún abẹ́rẹ́ méjì sí i, ọ̀kan nítòsí ojú ibi tí ẹ ti gé e, ọ̀kan nítan. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí irun ẹsẹ̀ náà, ẹ ó gbọ́ ta-ta-ta. Tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ méjèèjì ti fara kanra. Tó bá jẹ́ kíkùn bíi ti jẹnẹrétọ̀ lẹ ń gbọ́, iná ilé ni. Ẹ yọ ṣájà fóònù, kí ẹ lo bátìrì. Tí ohùn náà bá ń rọlẹ̀, ẹsẹ̀ náà ti ń gbẹ, ẹ gé òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: bí atẹ́gùn bá le sí i, ṣé ohùn kọ̀ọ̀kan ló ń tóbi ni, àbí wọ́n ń yára tẹ̀ lé ara wọn? Púpọ̀ á ní ó ń tóbi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń yára tẹ̀ lé ara wọn ni. Ẹ kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣáájú àti iye tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ sílẹ̀. Nọ́ńbà méjì yẹn ni kí ẹ gbé síwájú nínú ìwé olójú ewé kan tí ẹ ó kọ nípa iṣẹ́ olùkọ́ yín. Bí ẹ bá tún ń wá ẹ̀rí láti òkèèrè, Neuromatch Academy, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọpọlọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń gba olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ láti ibi gbogbo láyé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Keje, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Ẹ múra Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn.