Aṣọ Ìyá Mi Wà Nínú Àpótí: Ṣé Kí N Gé E?

LẸ́TÀ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìtòkú ni wọ́n ti bí mi, Abẹ́òkúta náà ni mo ṣì ń gbé, mo sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Alárò ni ìyá mi. Nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n fi àpótí aṣọ kan sílẹ̀. Àdìrẹ, sányán, àǹkárá àti léèsì ló kún inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wà, mo sì máa ń da káńfọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá fi wọ́n rán ìbora alábala ńlá kan, irú èyí tí ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà fi hàn mí lórí fóònù. Ó ti lóyún báyìí, ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun sùn sábẹ́ aṣọ màmá wa. Tí mo bá ti mú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n, màá tún gbé e sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní tí mo bá fi lè gé aṣọ ìyá wa, ìyá wa gan-an ni mo fà ya. Ìbátan bàbá mi kan tún ní aṣọ alábala, aṣọ egúngún ni, kí n má gbé e fún ọmọ tuntun. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Alárò, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, Ọmọ Alárò, ẹ kú ìtọ́jú ẹrù ìyá. Lágbára Ọlọ́run, a ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ ní Kánádà lọ́hùn-ún.

Èrò tèmi rèé: ẹ gé e. Ṣùgbọ́n kí sísọ́ọ̀sì tó kan òwú kan, àbúrò yín gbọ́dọ̀ ti jókòó ti àpótí yẹn pẹ̀lú yín.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo padà sí: “Ọ̀dọ̀ mi ló wà.” Ẹ ò sọ pé wọ́n pín in kàn yín. Bẹ́ẹ̀, aṣọ ìyá tó ti lọ, gbogbo ọmọ ló ń pín in. Ẹ̀yin àgbà lẹ gba àpótí sọ́dọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọdún ti gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò tíì tú u sílẹ̀ kí tọ̀tún tòsì mú tiwọn. Nígbà tí àbúrò yín ń sọ pé ẹ fẹ́ fa ìyá yín ya, ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé òun náà jẹ́ ọmọ, kò sì sí nǹkan ìyá lọ́wọ́ òun. Mo rò pé ohun tó ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n náà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bí sídìí ìkòkò aró kì í bẹ̀rù aṣọ. Ọkàn yín ló ń sọ fún yín pé ohun tí ẹ fẹ́ gé kì í ṣe tiyín nìkan.

Ẹ má ṣe é lórí fóònù. Ẹ ní kó wá kí ẹ jọ kó aṣọ ìyá síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Tí ẹ bá ti tú u tán, kó kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú, kódà kó jẹ́ èyí tí ẹ̀yin ti fojú sí láti ọjọ́ yìí wá. Ó lè dùn yín. Ẹ jẹ́ kó mú un. Ẹ má tíì dárúkọ ìbora títí tí yóò fi ní tirẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi í bóyá ó máa fi abala kan sí i fún ọmọ ọmọ yín. Tó bá kọ̀, kò burú, tiyín tó láti rán. Tó bá gbà, ìbora náà ti di ti ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn.

Ohun kan wà tó lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ kì í sábà jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ń rà nígbà náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí 36 íǹṣì lọ, nítorí náà abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ kó tó fẹ̀ tó ìró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wo àárín rẹ̀, ẹ ó rí ojú ìrán. Tí ẹ bá rọra fi abẹ tú òwú ibẹ̀, odidi abala méjì ló máa jáde. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n ti gé iṣẹ́ sí lára ni wọ́n sábà fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Páànù kan náà ló kọjá lórí abala méjèèjì, iṣẹ́ ara wọn á sì bára mu. Ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún yín, láìsí pé ẹ gé ohunkóhun.

Ní ti pé kí ẹ kúkú dá aṣọ náà sí bó ṣe wà, àpótí kì í dá aṣọ sí. Ojú ibi tí ẹ ká a sí láti ọdún pípẹ́ ni yóò kọ́kọ́ já. Ẹ di aṣọ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ rọra fà á. Èyí tó bá ń dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, tàbí tí òwú rẹ̀ ń yà sọ́tọ̀, ti gbó nìyẹn, á fẹ́ kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbè é lẹ́yìn kí ẹ tó rán an mọ́ òmíràn.

Ẹ tún ro iṣẹ́ tí ìyá yín ṣe. Ìdí tí alárò fi ń rẹ aṣọ ni kí aṣọ lè jáde nílé. Òwò ńlá ni, wọ́n sì jà fún un. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni sódà àti aró òyìnbó wọ iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó yìí nítorí ẹ̀sùn pé àdìrẹ ò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn alárò ò gbà. Wọ́n fẹ̀hónú hàn títí tí ìjọba òyìnbó fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àdìrẹ ní 1936. Àwọn obìnrin tó ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ nítorí kí aṣọ wọn lè dé ara èèyàn, mi ò rò pé inú wọn á dùn sí káńfọ̀ àti kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbátan bàbá yín ò gùn lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Lóòótọ́ ni egúngún alábala wà. Ibo ni abala ara rẹ̀ ti ń wá? Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ni, aṣọ dáadáa sì ni wọ́n ń mú wá, nílé púpọ̀ ni wọ́n ti máa ń fi tuntun kún un bí ọdún bá ti ń yí. Ọ̀wọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Aṣọ tí kò wọ ìgbàlẹ̀, tí wọn kò bọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbé jó, kì í ṣe aṣọ egúngún. Ìbora ọmọ ni. Tó bá ṣì ń ráhùn, ẹ ní kó wá gbàdúrà sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìbora ò wọ́n ní Kánádà, ọmọ yín lè ra èyí tó bá wù ú. Àkísà màmá rẹ̀ àgbà ni kò lè rí rà.

Wàyí o, èwo la máa gé? Àdìrẹ, àǹkárá àti kàm̀pálà ni kí ẹ lò, torí òwú ni gbogbo wọn, wọ́n á sì gba omi àti ayọ́ọ̀nù bákan náà. Ẹ yọ sányán sọ́tọ̀, mo bẹ̀ yín. Òwú inú kòkòrò ni, tí wọ́n hun ní ọ̀já tóóró tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin lọ, tí wọ́n sì rán pọ̀. Ó wúwo, kò sì bá àǹkárá rìn. Tí ẹ bá rán wọn pọ̀, èyí tó wúwo á fa èyí tó fúyẹ́ ya nígbẹ̀yìn. Sányán gbọ́dọ̀ wà lódidi. Léèsì náà, ihò ara rẹ̀ á máa há ìka ọmọ.

Ìbẹ̀rù yín pé ẹ máa ba gbogbo aṣọ jẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ gé abala onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì mẹ́fà àbọ̀. Tí ẹ bá rán wọn pọ̀, tí ìdámẹ́rin íǹṣì wọ inú ìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó di íǹṣì mẹ́fà géérégé. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 64, ìbora náà á sì jẹ́ 48 íǹṣì lóòró àti níbùú, ó tó ọmọdé lò fún ọdún púpọ̀. Abala àdìrẹ tó fẹ̀ tó 36 íǹṣì, tó sì gùn tó yáàdì méjì àbọ̀, íǹṣì 13 péré lẹ máa gé lórí rẹ̀ kí ẹ tó rí mẹ́wàá nínú rẹ̀. Èyí tó kù á ṣì lé ní yáàdì méjì. Aṣọ méje péré ti tó, ẹ ò sì ní sọ ọ̀kankan nínú wọn nù. Kí ẹ tó gé, ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn, ẹ kọ orúkọ àti ìtàn èyí tí ẹ bá rántí sílẹ̀: ẹni tó fún un, ìnáwó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Àbúrò yín á rántí àwọn tí ẹ̀yin ò rántí.

Ẹ fọ ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú omi tútù. Ẹlú kì í wọnú òwú dénú, ara òwú ló ń lẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi máa ń kun èèyàn lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ funfun tútù ra ojú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Tó bá ṣì ń kun aṣọ funfun náà, ẹ tún un fọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ tàbí fínígà, kò ràn án. Fífọ̀ lóríṣiríṣi ìgbà títí omi á fi mọ́ ló ń yọ èyí tó pọ̀jù. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá wọn sí, torí oòrùn máa ń jẹ ẹlú.

Kí ọwọ́ yín lè balẹ̀, ẹ fi àǹkárá tí ẹ kò kà sí gé mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ẹ fi rán èpo ìrọ̀rí. Ọwọ́ á ti mọ ọ̀nà kó tó kan àdìrẹ. Tí ẹ bá gbé e fún télọ̀, ẹ dúró tì í, torí ọ̀pọ̀ wọn ti mọ́ ọn lára láti fi àyè ńlá sílẹ̀ nínú ìrán, abala yín ò sì ní bára mu mọ́. Fúlánẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan láàárín, aṣọ òwú tó mọ́ lẹ́yìn. Ẹ fi òwú gígùn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti àárín lọ sí etí kí wọ́n má baà yẹ̀, kí ẹ tó fi kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tẹ̀lé ojú ìrán. Abẹ́rẹ́ tuntun, nọ́ńbà 14, ni kí ẹ fi sí kẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù lọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, ó wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fara kan aṣọ tí káńfọ̀ ti wà nínú rẹ̀, tàbí tó fa òórùn rẹ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ojú àti ara rẹ̀ máa pọ́n, ó sì lè kan ọpọlọ tàbí kó gbẹ̀mí. Ẹ kó gbogbo káńfọ̀ dànù lónìí. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí aṣọ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn bá ṣì wà lára ọ̀kan, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ wọ inú ìbora ọmọ.

Àwọn oníṣègùn ọmọdé kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fi ìbora bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sùn, torí ó lè bo imú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ọmọ ṣeré lórí rẹ̀, lójú àgbà. Ẹ rí i pé kò sí ìkánjú kankan. Ẹ ṣì láyè láti pe àbúrò yín, kí ẹ pín aṣọ, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rán an díẹ̀díẹ̀. Sányán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìkómọ, ní odidi, bí òórùn káńfọ̀ bá ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ìbora lè dé nígbà tí ọmọ bá ti ń rìn.